Ẹnu Balógun

Òórùn ẹnu ológbò wa ni mo máa ń gbọ́ kí n tó lajú láàárọ̀. Àsọdùn kọ́. Bí ó bá ti dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi tí ó ya ẹnu báyìí, afẹ́fẹ́ á gbé òórùn náà wọlé wá bá mi lórí ẹní, òórùn edé tó ti jẹrà, òórùn egbò tí wọ́n dì tí wọn ò tú. Èébì á gbé mi. Màá fi etí ìró bo imú, màá bú u lábẹ́lẹ̀, kí ìyá ọkọ mi má baà gbọ́.

Ìyá ọkọ mi ló ni ín. Àmúdàtù ni orúkọ wọn, ọmọ Mushin ni wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ìyàwó ò tó bẹ́ẹ̀ láti la orúkọ yẹn mọ́ wọn lórí. Ìyá ni mò ń pè wọ́n. Orín ni wọ́n ń tà. Ní gbogbo Oto, àdúgbò wa l'Ékòó, láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin títí dé ọ̀nà Ìdó, kò sẹ́ni tí kò mọ ìsọ̀ wọn. Bí o fẹ́ orín ata, ó wà. Bí o fẹ́ orín ayán, ó wà. Láti àárọ̀ dalẹ́, orín kì í kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn, bí ẹni tó ń fi ara rẹ̀ polówó ọjà. Wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín láì fi etí gèlè bo ẹnu. Mo rò pé ìwà àgbà ni.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé mi wọlé ni mo mọ òfin ilé náà. Mo jí, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

Wọ́n kọ ojú sí ògiri. "Lọ run orín ná. Ẹnu tó sùn tí kò tíì jí, ta ló fẹ́ gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ?"

Ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn wọn. Èmi náà kì í fẹ́ rí ẹ̀gbin sójú. Fàósátù Onírìíra ni àwọn ará ilé ń pè mí, orúkọ náà ò sì dùn mí. Mo máa ń fọ ife kí n tó mu omi, tí mo bá sì mu ún tán màá tún un fọ̀. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo ti bá ìyá tó mọ́ tónítóní pàdé. Àṣé n kò tíì rí i bí wọ́n ṣe máa fún ológbò lóúnjẹ.

Ọdún tí àrùn eku ń pa èèyàn l'Ékòó, tí àwọn wolé-wolé ń yẹ abẹ́ ibùsùn olúkúlùkù wò, ni ọkọ mi, Tìrìmísíyù, gbé ológbò náà wá láti Mushin nínú àpò. Lóókò, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Akọ ológbò ni, àwọ̀ eérú ló ní. Ìyá sọ ọ́ ní Balógun, nítorí kò sí ogun tó lọ tí kò ṣẹ́. Nígbà náà, ìrù eku àti ìfun eku ni mò ń gbá lẹ́yìnkùlé láràárọ̀. Mò ń gbá a, mò ń di imú mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin tó ní láárí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu rún oúnjẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ ń rí mi lára. Ìyá á jókòó ti oúnjẹ alẹ́ wọn. Wọ́n á bu ẹran sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa lọ, á máa bọ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, wọ́n á fi ìka méjì yọ ẹran náà jáde. Ó ti funfun, ó ti tú fẹ́rẹ́, itọ́ ń yọ̀ lára rẹ̀ bí ilá. Wọ́n á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, Balógun á lá a. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n á po ẹ̀kọ tútù mọ́ mílíìkì inú agolo, èyí tó dùn bí oyin, wọ́n á máa fìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìka tó ti ẹnu ológbò jáde yẹn ló ń padà sínú àwo ọbẹ̀ wọn. Èmi á gbé oúnjẹ tèmi kúrò lẹ́bàá wọn, màá ní ooru ń mú mi.

Bí ológìnní tó ń jẹ eku ṣe di ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Kò fi eyín kan nǹkan líle mọ́. Eyín rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, ó wá di dúdú. Nǹkan kan wá lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi, bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò omi tí wọn kì í fọ̀. Erìgì rẹ̀ wú, ó pupa, ó ń ṣọyún. Itọ́ rẹ̀ ń kán sórí ẹní, sórí àpótí, sétí àwo. Àwọn eku gbọ́, wọ́n padà wálé. Lọ́sàn-án gangan, mo rí ọ̀kan tó gba iwájú Balógun kọjá, ó ń rọra lọ bí ẹni tó ń lọ kí àna. Balógun wò ó, ó mirí, ó padà sùn.

Gbogbo èyí, ǹ bá fara dà á. Èyí tí n kò lè fara dà ni ti ọmọ mi.

Sàlíhù ni àkọ́bí mi, ó sì ti ń tó oúnjẹ í jẹ. Nínú ìdílé ọkọ mi, ọmọ kì í kàn ṣàdédé jẹun. Ìyá bàbá rẹ̀ ló máa fẹnu rún òkèlè ẹja àkọ́kọ́ fún un lójú gbogbo ẹbí, wọ́n á sì máa rún un fún un bẹ́ẹ̀ títí eyín rẹ̀ á fi pé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún bàbá rẹ̀. Ọjọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀ ni wọ́n dá fún ti Sàlíhù. Ẹnu tó ń bá Balógun pín ẹran, ìka tó ń wọ erìgì tó ń ṣọyún yẹn, òun ló ń bọ̀ wá wọ ẹnu ọmọ mi!

Mo pe ọkọ mi. "Bàbá Sàlíhù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá Ìyá sọ̀rọ̀."

"Kí n ní kí ni? Pé ẹnu ìyá mi ń rí ìyàwó mi lára?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu yẹn ló rún oúnjẹ tí mo fi dàgbà. Ṣé mo kú?"

"Ẹ ò kú. Ṣùgbọ́n kò sí ológbò nígbà tiyín."

"Fàósátù, ẹnu àgbà lobì ti ń gbó." Ó yíjú, ó sùn.

Ta ni yóò wá bá mi sọ ọ́? Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ìyá ló wẹ Sàlíhù fún mi láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Àwọn ló fi omi gbígbóná ra ikùn mi. Ìyàwó tó bá wo irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ lójú, tó ní "ẹnu yín kò mọ́," kí ó ti di ẹrù rẹ̀ ná.

Mo gba ẹ̀bùrú. Mo ní, "Ìyá, ẹnu Balógun yìí mà ń rùn o."

"Òórùn ọkùnrin ni," ni Ìyá fèsì, wọ́n ń bá orín wọn lọ.

Àwọn oníbàárà ni kò gbà fún wọn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá ra orín, Balógun lọ fara nù ún lẹ́sẹ̀, ó ya ẹnu sókè, ó ní "ńyàú." Obìnrin náà fo sẹ́yìn. "Ẹ gbà mí o! Ìyá, orín tí ẹ̀ ń tà yìí, ẹ ò fún tilé yín ni?" Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n délé, wọ́n fa orín ata kan yọ, wọ́n nà án sí mi. "Bá mi rún orí rẹ̀ kó rọ̀."

Ó yà mí lẹ́nu, nítorí orín wà lẹ́nu àwọn fúnra wọn. Mo rún un. Ìyá fi ìró wé Balógun bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lóògùn, wọ́n la ẹnu rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orín gbo eyín rẹ̀. Igbe tí ológbò náà ké, àwọn ará ìta sáré wọlé wá wò. Ọyún àti ẹ̀jẹ̀ tú sára ìró. Eyín kan já, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá, dúdú kirikiri, ẹran díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo sáré jáde, mo lọ bì sẹ́bàá odi. Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyá ṣì ń wo eyín náà.

"Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Omi wà lójú wọn. Inú bí mi sí wọn. Mo ní wọ́n tún wá ń sunkún eyín ológbò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo lọ ra ẹja ní Ìwáyà. Ọ̀dọ̀ obìnrin Ègùn kan létí ọ̀sà ni mo ti máa ń rà á. Mo ń dúró kó gbá ìpẹ́ dànù nígbà tí mo tajú kán rí àwọn ológbò rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ orí ẹja. Ó fẹ̀gbẹ́ ẹnu mú un, ó ń rún un wómúwómú, orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yán, mo rí eyín rẹ̀. Ó funfun bí inú àgbọn. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, èmi Onírìíra. Òórùn ẹja ni. Kò sí òórùn egbò níbẹ̀ rárá.

Mo bi obìnrin náà, "Kí lẹ fi ń bọ́ wọn?"

"Ta ló ń bọ́ wọn?" Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Orí ẹja, egungun ẹja, tútù bó ṣe ti inú omi bọ́ síta. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹran, kí wọ́n lọ pa eku."

Gbogbo ọ̀nà tí mo fi padà sí Oto ni mo fi ń bínú. Ọ̀rọ̀ náà ò le! Orín ni egungun jẹ́ fún ológbò. Ìyá tó ń ta orín fún gbogbo ayé ti gba orín lọ́wọ́ Balógun, wọ́n fi mílíìkì rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ. Bí Ìyá bá gbà pé oúnjẹ arúnlẹ́nu ló ba ẹnu ológbò jẹ́, ṣé wọ́n á tún wá fi bọ́ ọmọ mi?

Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ìyá, mo rí orín Balógun ní Ìwáyà."

"Orín wo?"

"Egungun ni. Ohun tó bá le ló ń fọ eyín rẹ̀. Èyí tí ẹ ti bá a rún, àti mílíìkì yẹn, ńṣe ni wọ́n ń sùn sí i lẹ́nu mọ́jú."

Ìyá fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. "Bí ẹnu bá ń dùn ún ńkọ́? Bó bá fẹ́ rún un, tí kò lè rún un ńkọ́?"

"Àá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Gbé e," ni wọ́n wí. "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́."

Ẹ gbọ́ ìyà tó jẹ mí. Èmi tí n kì í mu omi nínú ife ẹlòmíràn ni mò ń la ẹnu Balógun láràárọ̀, tí mò ń fi aṣọ tí mo rì bọ omi iyọ̀ nu erìgì rẹ̀. Ọyún ń gba àárín ìka mi. Eyín mìíràn tún já. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ á fi fẹ́ bó, òórùn náà á sì tún bá mi dé orí ẹní. Kò sí ẹ̀kọ mọ́, kò sí mílíìkì, kò sí ohun tó ti ẹnu Ìyá jáde. Ẹja tútù ni mo kọ́kọ́ ń gé fún un wẹ́wẹ́. Ó yí imú, ó lọ jókòó sẹ́bàá Ìyá, ó ń sunkún. Ìyá á di etí. Nígbà tí ebi pa á, ó jẹ ẹ́. Mo bọ́ sórí ṣáwá kéékèèké, mo bọ́ sórí ọrùn adìẹ tí a kò sè, mo wá bọ́ sórí orí ẹja.

Nígbà tí a fi máa gba ààwẹ̀ dé àárín, erìgì rẹ̀ ti fà sílẹ̀. Eyín tó bọ́ ti bọ́, ìyẹn kò lè padà, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ń mọ́ bọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ìkòkò omi, gbírí gbírí, kàràkàrà. Balógun ti mú eku, orí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó rí mi lára gan-an. Ó sì dùn mọ́ mi dọ́ba.

Ìyá nìkan ni kò yọ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n ń rù. Egungun ọrùn wọn yọ síta. Ọkọ mi ní ààwẹ̀ ni. Bí a bá ṣínu, omi ọbẹ̀ ni mo máa ń rí tí wọ́n ń mu jù. Ẹran wọn á tán nínú àwo, èmi ò sì rí ìgbà tí wọ́n gbé e mì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó wọ̀, mo lọ fa ìdì orín kan ní igun yàrá wọn. Òórùn kan lù mí. Ewé eéran ló wà lẹ́yìn ìdì orín náà, wọ́n ká a pọ̀. Mo tú u. Ẹran arúnlẹ́nu ni! Ọ̀kan ti hu irun funfun, ọ̀kan ti ń ṣomi, ìdin ń yọ́ kiri nínú rẹ̀ bí ìrẹsì tó ń hó. Mo pariwo, mo sọ ọ́ nù. Ìdin kan bọ́ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo jó bí wèrè.

Ìyá wọlé. Ìbínú ti gba ojú mi. N kò rántí pé ìyàwó ni mí.

"Ìyá! Ẹ̀ ń bò mí lójú! Gbogbo ìdọ̀tí tí mò ń nù lẹ́nu ológbò yẹn, ẹ tún ń rún ẹran fún un ní kọ̀rọ̀!"

"Kì í ṣe ti Balógun," ni wọ́n wí.

"Ti ta wá ni?"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n yọ orín kúrò lẹ́nu. Wọ́n tú etí gèlè tí wọ́n máa ń fi bo ẹnu, wọ́n sì ya ẹnu sí mi, bí Balógun ṣe máa ń yà á.

Erìgì lásán ni, tó pupa, tó wú. Kùkùté eyín díẹ̀ ló kù lẹ́yìn, wọ́n dúdú. Òórùn náà jáde wá. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni mo ti ń gbọ́ láàárọ̀, tí mò ń di gbogbo rẹ̀ ru ológbò.

"Ó ti pẹ́, Fàósátù," ni Ìyá wí. "Wọ́n ń mì, wọ́n ń bọ́. Orín ò dá wọn dúró. Ta ló máa ra orín lọ́wọ́ ẹni tí kò léyín? Mo máa ń gbé ẹran sẹ́nu kí ẹ lè rí i pé mò ń jẹun. N kò lè rún un débi tí yóò ṣeé gbé mì, n kò sì lè tu ú sílẹ̀ lójú yín. Balógun ló ń bá mi gbé e kúrò. Nígbà tí ìwọ wá gbà á lọ́wọ́ mi, kò síbi tí mo lè gbé e sí mọ́."

Wọ́n jókòó sórí àpótí. "Ọjọ́ Ìtùnú ń bọ̀. Wọ́n á gbé ẹja fún mi lójú gbogbo ẹbí, n kò ní lè rún un. Mo mọ̀ pé ó ń rí ọ lára. Ojú rẹ kì í purọ́. Ṣé o rò pé kò rí èmi náà lára?"

Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, èébì ṣì ń gbé mi. Mo gbá ìdin, mo da eérú sí ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọlọ jáde.

Lọ́jọ́ Ìtùnú, ilé kún. Ọkọ mi gbé ẹja náà dání, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Ìyá ò gbà á. Wọ́n na ọwọ́ sí Balógun tó ń fi ọwọ́ nu ẹnu lórí ògiri.

"Gbogbo yín ló gbóòórùn ẹnu ẹ̀ nígbà kan," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo fi ẹnu mi bà á jẹ́. N kò ní fi ẹnu yìí ba ti ọmọ jẹ́. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọlọ ni yóò rún ti Sàlíhù. Fàósátù, gbé e wá."

Àwọn ẹbí kùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tó bá Ìyá wíjọ́? Mo gbé ẹja tí mo ti lọ̀ kúnná jáde, pẹ̀lú ṣíbí tí mo fi omi gbígbóná fọ̀. Ìyá fún ọmọ mi jẹ. Nígbà tó yó, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ọmọ jẹ àṣẹ́kù rẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò." Ìyá wò mí. Wọ́n jẹ ẹ́ títí wọ́n fi nu àwo náà.

Láti ọjọ́ náà, ẹja tí mò ń lọ̀ fún Sàlíhù pọ̀ ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Àṣẹ́kù ọmọ ni Ìyá ń jẹ, bí gbogbo ilé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ara wọn padà bọ̀ sípò. Orín ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn ní ìsọ̀, èmi ni mo máa ń rún orí rẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde. Bí mo bá ti rún un tán, mo máa ń fi omi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Ìríra mi ò lọ síbì kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́, màá ju orí ẹja sí Balógun lẹ́yìnkùlé. Ìró rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, kàràkàrà, kàràkàrà. Ìyá á dá ṣíbí dúró nínú ẹja lílọ̀ wọn, wọ́n á tẹ́tí sí i.

"Rún un dáadáa, Balógun," ni wọ́n á wí. "Bá mi rún un."